Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Ẹgbẹ́: Ilé àti Ọmọ Láàárín Agbo Màlúù

Bíbélì Kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 33:12–17; Òwe 27:23–27

Ète ẹ̀kọ́ yìí: Kí a lè mọ bí ìdílé tí ń sin màlúù ṣe ń gbé ilé wọn ró lójoojúmọ́, kí a lè rí ohun tí ó yẹ kí a kọ́ níbẹ̀ fún ilé tiwa, àti kí a lè mọ ipa tí ìyá ilé lè kó kí àlàáfíà lè wà láàárín àgbẹ̀ àti darandaran ní agbègbè wa.

Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú

Bí a bá jáde kúrò ní Èjìgbò, yálà a dojú kọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, tàbí a gba ọ̀nà Ìwó, tàbí a lọ sí ìhà Ifẹ̀-Ọ̀dàn, kì í pẹ́ tí a fi ń rí agbo màlúù funfun oníwo gígùn, oníké lẹ́yìn. Orúkọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn gan-an ti sọ irú ilẹ̀ tí a wà lórí rẹ̀ fún wa. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, ilẹ̀ koríko, ibi tí igbó ńlá pin sí. Ibi tí koríko bá sì wà ni màlúù ń wá.

Lẹ́yìn àwọn màlúù yìí, gáà wà. Nínú gáà, ilé wà. Nínú ilé, ìyá àti ọmọ wà. Púpọ̀ nínú wa ti ń ra wàrà lọ́wọ́ obìnrin gáà láti ìgbà èwe wa, ṣùgbọ́n a kò mọ ibi tí ó sùn, a kò sì mọ ohun tí ó ti ṣe láàárọ̀ kí ó tó gbé igbá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa. Ohun tí a kò mọ̀ ni a máa ń tètè bẹ̀rù, òun náà ni a sì máa ń tètè fi ojú tẹ́ńbẹ́lú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ wọ inú gáà lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Àṣìṣe Tiwa

A ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ojú tì wá láti sọ. Ní ọdún 1986, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí Grade Two, tí a sì ń kọ́ kíláàsì kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè yìí, ọmọbìnrin kan ń wá sọ́dọ̀ wa láti gáà. Kò sí ọjọ́ kan tí ó bá wa níbi àdúrà òwúrọ̀. Bí a bá ti parí ìṣirò ni a ó rí i tí ó ń bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ìrì, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún mílíìkì. A nà án ní pàṣán. A ní kí ó kúnlẹ̀. A bi í léèrè ìdí tí ó fi ń pẹ́, kò fèsì, a sì pe àìfèsì náà ní agídí. Ní ọjọ́ Ajé kan, a kò rí i mọ́.

Ní ọjọ́ ọjà, ìyá rẹ̀ gbé wàrà wá. A bi í léèrè ọmọ. Obìnrin náà kò bínú sí wa. Ohun tí ó sọ ni pé, “Tíṣà, ta ni yóò bá mi di ọmọ màlúù mú?” Ó ṣàlàyé fún wa bí wọ́n ṣe ń fún mílíìkì, àti pé ọmọ náà ni àgbà nínú àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe kí ó tó dé ilé-ẹ̀kọ́ ju èyí tí àwa olùkọ́ rẹ̀ ti ṣe láàárọ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, a gbà pé kí ó máa wá lẹ́yìn tí wọ́n bá fún mílíìkì tán, a ó sì máa kọ́ ọ ní ìṣirò ní àkókò ìsinmi. Ó padà wá. Ó lo sáà kan àti díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì ti ń ka ìwé geerege, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, tí agbo wọn ṣí lọ. A kò tún fi ojú kàn án mọ́. Gbèsè ọmọ náà wà lọ́rùn wa, òun ni ó sì jẹ́ kí a kọ ẹ̀kọ́ yìí.

1. Òwúrọ̀ ní Gáà

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́, wọn a ti so àwọn ọmọ màlúù mọ́ okùn gígùn kan tí a nà sílẹ̀, kí wọn má baà mu ọmú ìyá wọn gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, wọn a tú ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ tọ ìyá rẹ̀ lọ. Ọmọ a sáré lọ mu ọmú díẹ̀. Ìgbà yìí ni mílíìkì ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ọmú, nítorí pé irú màlúù tí a ń sìn níhìn-ín kì í dẹ ọmú bí kò bá rí ọmọ rẹ̀. Nígbà náà ni wọn yóò fa ọmọ sẹ́yìn, wọn a dì í mú tàbí kí wọn so ó mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ìyá rẹ̀, kí ìyá lè máa fi ahọ́n lá a bí wọ́n ti ń fún mílíìkì sínú igbá. Iṣẹ́ dídi ọmọ màlúù mú yìí ni ó ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọdé.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Wọn kì í fún ọmú màlúù gbẹ. Wọn a fi èyí tí ọmọ yóò mu sílẹ̀. Bí ẹni tí ó ń fún un bá ṣe ojúkòkòrò lónìí, ọmọ màlúù yóò rù, ó sì lè kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ọmọ bá kú, mílíìkì ìyá náà lè gbẹ. Nítorí náà, ọmọ ni a kọ́kọ́ ń rò kí a tó ro igbá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mílíìkì náà pọ̀. Màlúù ilẹ̀ òyìnbó tí ń jẹ oúnjẹ pàtàkì lè fún ni ní ju 20 lítà lọ lóòjọ́. Èyí tí ń jẹ koríko ọ̀dàn wa, tí ó sì ní ọmọ lẹ́yìn, lítà kan tàbí díẹ̀ lé ni ilé ń rí lára rẹ̀, a sì máa dín kù gidigidi bí koríko bá gbẹ. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọkùnrin àti àwọn ọmọkùnrin yóò kó agbo jáde. Àwọn tí ó kù nílé yóò gbá ìgbẹ́ màlúù, wọn yóò pọn omi, wọn yóò wá igi ìdáná, wọn yóò sì tọ́jú àwọn ọmọ màlúù kéékèèké tí kò lè rìn jìnnà.

2. Igbá Ìyá Ilé

Ní gáà kan, ọkùnrin ni ń fún mílíìkì. Ní òmíràn, obìnrin ni. Ṣùgbọ́n bí mílíìkì bá ti dé inú igbá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ti ìyá ilé. Òun ni yóò sọ èyí tí ọmọ yóò mu, èyí tí a ó fi ṣe àlejò, àti èyí tí yóò di wàrà fún ọjà. Bí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ, olúkúlùkù ni ó ní ahéré rẹ̀ àti igbá rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe wàrà nìyí. Wọn a sẹ́ mílíìkì, wọn a gbé e ka iná tí kò pọ̀. Wọn a gún ewé bọmubọmu, wọn a pò ó mọ́ mílíìkì díẹ̀, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì da omi rẹ̀ sínú ìkòkò nígbà tí mílíìkì bá lọ́wọ́ọ́rọ́. Bí iná ti ń jó, mílíìkì yóò dì, omi rẹ̀ yóò sì yà sọ́tọ̀. Wọn a jẹ́ kí ó hó dáadáa, wọn a wá kó o sínú agbọ̀n kéékèèké kí omi lè ro dànù. Agbọ̀n náà ni ó fún wàrà ní ìrísí tí a mọ̀ ọ́n sí. Oje bọmubọmu kì í ṣe ohun eré. Bí ó bá ta sí ojú, ó lè ba ojú jẹ́. Ìyá tí ó mọ iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ọmọdé fi ọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀ bí olùkọ́. Bí màlúù mẹ́fà bá wà lẹ́nu mílíìkì, tí a rí lítà kọ̀ọ̀kan lára wọn, lítà mẹ́fà nìyẹn. Nǹkan bí lítà márùn-ún ni í di kílò wàrà kan. Nítorí náà, gbogbo làálàá òwúrọ̀ náà, kílò kan àti díẹ̀ ni. Nínú rẹ̀ ni ìyá yóò ti ra gàrí, èlùbọ́, àgbàdo, epo àti iyọ̀. Nínú rẹ̀ ni yóò ti ra aṣọ fún ọmọ. Ọkọ ni ó ni ọ̀rọ̀ títa màlúù, ṣùgbọ́n owó wàrà ni ó ń gbé ìkòkò kaná láti ọjọ́ dé ọjọ́. Nígbà tí a bá ń ná wàrà títí tí a fi ń fẹ́ kí ó fi ẹ̀bùn ẹyọ mẹ́ta lé e, ẹ jẹ́ kí a rántí ìṣirò yìí.

Òwe orí 27 tí a kà bá èyí mu. Níbẹ̀, ọlọ́gbọ́n kìlọ̀ fún olówó ẹran pé kí ó mọ ipò tí agbo rẹ̀ wà, nítorí pé ọrọ̀ kì í dúró títí láé. Ibi tí ó sì parí ọ̀rọ̀ náà sí ni wàrà tí yóò tó fún oúnjẹ gbogbo ará ilé, títí kan àwọn ìránṣẹ́bìnrin. Ó bẹ̀rẹ̀ nínú pápá, ó parí sínú ilé ìdáná. Ẹran tí kò bọ́ ará ilé, ọrọ̀ ojú lásán ni.

3. Títọ́ Ọmọ

Láàárín àwọn Fúlàní, ó wọ́pọ̀ pé kí a ya ọmọ màlúù sọ́tọ̀ fún ọmọ tuntun nígbà ìsọmọlórúkọ. Ọmọ ń dàgbà, màlúù rẹ̀ náà ń dàgbà. Ó mọ̀ ọ́n, ó mọ ọmọ tí ó bí, ó sì mọ̀ pé bí òun kò bá tọ́jú rẹ̀, tòun ni ó ń bàjẹ́. Àwa náà máa ń fún ọmọ ní adìẹ kan tàbí ewúrẹ́ kan nígbà tí a wà ní kékeré. Èwo nínú wa ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ lónìí? Ọmọ tí kò ní ohun alààyè kan ní ìkáwọ́ rẹ̀ rí, ó ṣòro fún un láti mọ ohun tí ìtọ́jú jẹ́.

Wọ́n ní ìlànà ìwà kan tí wọ́n ń pè ní pulaaku. Lára ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni sùúrù, ìtìjú, àti làákàyè. Ọmọ tí a tọ́ ní ọ̀nà yìí kì í ké ìrora rẹ̀ jáde níwájú àlejò, kì í sì í bá àgbà jiyàn. Ẹ wo bí àwa ṣe pe èyí ní agídí ní ọdún 1986! Ìwà tí ìyá kan ti fi ọdún mẹ́jọ gbìn sínú ọmọ rẹ̀ ni a fi pàṣán nà án fún.

Ní ti ẹ̀kọ́ ìwé, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Ọmọkùnrin ọdún méje lè ti máa tẹ̀ lé agbo. Ìjọba àpapọ̀ rí ìṣòro yìí. Ní ọdún 1989 ni wọ́n fi òfin dá àjọ tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ darandaran sílẹ̀, kí ilé-ẹ̀kọ́ lè bá ìrìn wọn mu. Iṣẹ́ náà kò tí ì parí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò ní láti dúró de ìjọba. Kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọmọ náà ti ṣe láti òwúrọ̀.

4. Ìrìn Ọmọ Ẹran ni Agbo ń Rìn

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 33. Jékọ́bù ń bọ̀ láti ilé Lábánì pẹ̀lú àwọn ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, àti agbo rẹ̀. Ísọ̀ wá pàdé rẹ̀ pẹ̀lú 400 ọkùnrin. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sunkún, tí wọ́n sì ti làjà, Ísọ̀ ní kí wọn jọ máa lọ, òun yóò sì ṣáájú. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Jékọ́bù kọ̀. Ó ní àwọn ọmọ òun kò tí ì lágbára, àwọn ẹran kan sì ń fún ọmọ lọ́mú. Bí a bá lé wọn kánkán fún ọjọ́ kan péré, agbo yóò kú. Ó ní òun yóò máa bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ àwọn ẹran àti àwọn ọmọ bá ti lè gbé e.

Ẹ kíyè sí i pé Jékọ́bù fẹ́ ojú rere Ísọ̀ gidigidi. Síbẹ̀ kò jẹ́ kí ìyẹn mú kí ó fi ọmọ ṣòfò. Ohun kan náà ni òfin gáà. Agbo kì í rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ akọ màlúù tí ó lágbára jù. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọ tí a bí ní àná ni ó ń rìn. Èyí tí kò bá lè rìn rárá, darandaran a gbé e sí èjìká.

Ẹ̀yin ìyá, ta ni ó ń sọ bí ilé tiwa yóò ti yá tó? Ọ̀pọ̀ nínú wa ń rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ àwọn aládùúgbò. Nítorí pé ọmọ lágbájá ti wọ yunifásítì ní ọmọ ọdún 15, a fẹ́ kí tiwa fo kíláàsì méjì. Nítorí pé ẹgbẹ́ ń ra aṣọ, a jẹ gbèsè, owó oúnjẹ sì dín kù. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le nínú ilé ni ó ń san owó ìkánjú náà.

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò tún kàn wá ní Èjìgbò ju bí ó ti kan ìlú mìíràn lọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ti ń lọ ṣòwò ní Abidjan àti ní àwọn ìlú mìíràn ní Côte d'Ivoire. Kò sí agboolé tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò níbẹ̀, òwò náà sì ti kọ́ ilé púpọ̀ ní ìlú yìí. Bí Fúlàní ti ń rìn nítorí koríko ni àwa náà ń rìn nítorí ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ọmọ tí a fi sílẹ̀ fún ìyá àgbà, ta ni ó bá a dúró nígbà tí ó ń ṣàìsàn? Èyí tí a mú dání sí ìlú tí a ti ń sọ Faransé, ta ni ó fún un láàyè kí ó kọ́ èdè kí a tó pè é ní olódo? Kì í ṣe pé ìrìn-àjò burú. Jékọ́bù náà ń rìn. Ohun tí ó ṣe ni pé ó wo ẹsẹ̀ ọmọ kí ó tó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀.

5. Sukkotu: Nígbà tí Agbo Bá Dúró sí Ojú Kan

Ẹsẹ 17 máa ń yára kọjá lójú wa. Jékọ́bù dé ibì kan, ó kọ́ ilé fún ara rẹ̀, ó sì pa àgọ́ fún ẹran rẹ̀. Láti ara àgọ́ náà ni ibẹ̀ ti gba orúkọ tí a ń pè é, Sukkotu. Ẹni tí ó ti ń rìn kiri dúró, ó kọ́ ilé fún ènìyàn, ó sì ṣe ibùgbé fún ẹran pẹ̀lú.

Èyí ni ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè wa ń jiyàn lé lórí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan pé kí a fi òpin sí fífi ẹran jẹ̀ kiri. Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun dá ilé-iṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn nìkan. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé kí Fúlàní lọ ṣe ọgbà màlúù. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ọgbà náà yóò gbà, kí a má baà rò pé wáyà àti òpó nìkan ni.

Màlúù tí ó wọn 300 kílò ń jẹ nǹkan bí 30 kílò koríko tútù lóòjọ́. Màlúù 20 yóò jẹ 600 kílò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá gba 100 ọjọ́, a ó nílò 60,000 kílò, kí òjò tó tún rọ̀. Ní ti omi, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá mu 40 lítà, 800 lítà ni lóòjọ́. Èyí jẹ́ kẹ́ẹ̀gì oní-25-lítà 32. Ta ni yóò pọn ọ́n? Bí kò bá sí kànga tàbí odò nítòsí, àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin gáà ni. Nítorí náà ni ẹni tí yóò bá dúró sí ojú kan kò fi lè ṣe é láìgbin koríko bí èèsún, láìkó koríko gbígbẹ jọ nígbà tí ó wà, láìsí omi. Òwe 27 pàápàá mẹ́nu kan koríko gbígbẹ tí a kó jọ láti orí òkè.

Ní ibi yìí ni àwa obìnrin lè wọ̀ ọ́. Àwọn tí ń yan gàrí nínú wa mọ bí òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ ti ń rà, tí ó sì ń rùn lẹ́yìn ilé. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí a sá gbẹ dáadáa, oúnjẹ màlúù ni. Oòrùn ni ó ń dín májèlé inú rẹ̀ kù. Àwọn onímọ̀ ní àjọ ILRI ní Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí bí a ṣe ń rin ín, tí a ń fún omi rẹ̀, tí a sì ń sá a kí ó lè yára gbẹ. Ní ìdà kejì, ìgbẹ́ màlúù tí ó kún gáà ni oko wa ń fẹ́, pàápàá nísinsìnyí tí ajílẹ̀ inú àpò ti gbówó lórí. A ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nínú ìlú wa níhìn-ín. Kò sí ohun tí ó dí ẹgbẹ́ wa lọ́wọ́ láti pe olùkọ́ kan níbẹ̀ kí ó wá kọ́ wa bí a ó ṣe máa ṣe pàṣípààrọ̀ èèpo àti ìgbẹ́ pẹ̀lú àwọn obìnrin gáà.

6. Bí Màlúù Bá Wọ Oko

A kò ní sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí ìjà. Ìjà wà. Ènìyàn ti kú ní ilẹ̀ Yorùbá nítorí ọ̀rọ̀ yìí, a ti jí ènìyàn gbé, àwọn àgbẹ̀ kan sì ti fi oko sílẹ̀. Ọ̀daràn kì í ṣe ẹni tí a ń fi bò mọ́lẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹ̀yà èyíkéyìí. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn ni. Ṣùgbọ́n ọ̀daràn ní orúkọ tirẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó gbé igbá wàrà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, màlúù wọ oko ẹ̀gẹ́ wa ní òru, wọ́n sì jẹ apá kan rẹ̀ tán. Ní ọjọ́ kejì, oníwàrà wa kí wa lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ìbínú wa ni a dà sí i lórí, a sì ti ìlẹ̀kùn. Ní ìrọ̀lẹ́, ó padà wá pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó ti lọ béèrè kiri ní gáà mẹ́ta, ó sì ti gbọ́ pé àwọn àlejò tí ń kọjá lọ ni wọ́n da ẹran gba ibẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tọpasẹ̀ wọn. Baálẹ̀ àti olórí àwọn Fúlàní jókòó, wọ́n lọ ka ebè tí ó bàjẹ́, a sì rí apá kan owó náà gbà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ti obìnrin tí a ti ìlẹ̀kùn mọ́, a kì bá tí rí kọ́bọ̀. A lọ bẹ̀ ẹ́ ní gáà. Ó fún wa ní mílíìkì mu kí a tó sọ ohun tí a bá wá.

Nítorí náà: (i) Bí ẹran bá ba oko jẹ́, ẹ pe ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì ka ohun tí ó bàjẹ́ kí ẹ tó fi ọwọ́ kan nǹkan. (ii) Ẹ sọ fún baálẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. (iii) Ẹ má ṣe rán ọmọkùnrin yín lọ gbẹ̀san ní òru. (iv) Ẹ mọ orúkọ àwọn obìnrin gáà tí ó sún mọ́ yín kí ọjọ́ ìjà tó dé. Ọjọ́ ìjà kọ́ ni a ń bẹ̀rẹ̀ ìfojúmọra.

7. Fún Ilé Ìdáná Wa

Ẹ má ṣe mu mílíìkì tí a kò sè. Àrùn ikọ́ ife àti àwọn àrùn mìíràn lè ti ara màlúù wọ ara ènìyàn nípasẹ̀ rẹ̀. Iná ni ó ń pa wọ́n. Wàrà ti hó nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n ó ti rìn ní òpópónà, ọwọ́ púpọ̀ sì ti kàn án. Ẹ tún un sè tàbí kí ẹ dín in kí ọmọ tó jẹ ẹ́. Ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá nìkan ni tirẹ̀. Kí ó tó pé ọdún kan, ẹ má ṣe fi mílíìkì màlúù rọ́pò rẹ̀. Fún àwọn àgbà tí agbára wọn kò tó ẹran, wàrà nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ dára púpọ̀ fún ara.

Ọ̀rọ̀ Ìparí

Àwọn baba wa máa ń sọ pé, màlúù tí kò ní ìrù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni Olúwa máa ń fi ọwọ́ wa lé e. Ọmọbìnrin tí ó fi kíláàsì wa sílẹ̀ yóò ti di ìyá báyìí, bí ó bá wà láàyè. Bóyá òun náà ti ní ọmọ tí ń di ọmọ màlúù mú láàárọ̀, tí ó sì ń pẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́. Àdúrà wa ni pé kí olùkọ́ tí ó bá níwájú mọ bí a ti ń rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọ.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò

1. Kí ni ìdí tí Jékọ́bù kò fi bá Ísọ̀ lọ ní ìwọ̀n tí Ísọ̀ fẹ́? Ta ni “Ísọ̀” tí ó ń kán ilé tiwa lójú?

2. Nínú ilé rẹ, ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára jù ní àkókò yìí? Kí ni ilé ti yí padà nítorí rẹ̀?

3. Ọlọ́gbọ́n ní kí a mọ ipò tí agbo wa wà. Ǹjẹ́ a mọ iye tí ó ń wọlé àti iye tí ó ń jáde nínú ilé wa ní oṣooṣù?

4. Kí ni orúkọ obìnrin tí ń ta wàrà fún ọ? Ọmọ mélòó ni ó ní, èwo nínú wọn ni ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́?

Iṣẹ́ ṣíṣe kí a tó tún pàdé: Kí arábìnrin kọ̀ọ̀kan béèrè ìbéèrè kẹrin yìí lọ́wọ́ oníwàrà rẹ̀, kí ó sì mú ìdáhùn rẹ̀ wá sí ìpàdé.

Kókó àdúrà: Fún àwọn ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ kí wọn tó kàwé; fún àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Abidjan àti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé; fún àlàáfíà láàárín oko àti gáà ní agbègbè Èjìgbò. Kí Olúwa fún wa ní sùúrù. Àmín.